Ojú tí ààrò fi ń rí iná: bí wọ́n ṣe ń tún ààrò gáàsì ilé búrẹ́dì ṣe, tí wọ́n sì ń dá a padà sáyè rẹ̀

Aago mẹ́rin ìdájí kì í ṣe àkókò tí ẹnikẹ́ni nínú ilé búrẹ́dì l'Abẹ́òkúta fẹ́ gbọ́ pé ààrò kò ràn. Ìyẹ̀fun tí wọ́n pò lálẹ́ àná ti wú dé etí páànù. Àwọn ìyá tó ń gbé búrẹ́dì lọ sí Kútọ̀, Pànṣẹ́kẹ́ àti Lafẹ́nwá ti ń kó àtẹ wọn bọ̀. Ìyẹ̀fun tó ti wú kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni: bó bá pẹ́ jù, atẹ́gùn inú rẹ̀ á jáde, á rì wọlẹ̀, búrẹ́dì ọjọ́ náà ti bàjẹ́ nìyẹn. Irú ìkánjú bẹ́ẹ̀ ló ń mú kí àwọn kan gé wáyà kan so mọ́ òmíràn kí ààrò ṣáà lè jó. Ẹni tó bá mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ààrò náà kò ní í ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé.

Kì í ṣe ààrò amọ̀ tí wọ́n ń kó igi sí ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Èyí tó jẹ́ irin dídán ni, oníyàrá méjì tàbí mẹ́ta tó gun ara wọn lórí, tí bọ́nà, ìyẹn irin oníhò tí gáàsì ti ń jó, wà lókè àti nísàlẹ̀ yàrá kọ̀ọ̀kan. Gáàsì ìdáná ló ń jó, àmọ́ iná mànàmáná ló ń darí rẹ̀. Bí mànàmáná bá lọ, gáàsì náà á dá. Òfin kan ṣoṣo ló wà nínú àpótí ìdarí rẹ̀, gbogbo wáyà tó wà níbẹ̀ ló sì ń sin òfin náà: gáàsì kò gbọdọ̀ ṣàn níbi tí iná kò ti jó.

Bí wọ́n bá tẹ súìṣì, tí wọ́n sì gbé ooru sí 220°C, ẹ̀rọ ìdarí á kọ́kọ́ wo ohun tí thermocouple ń sọ, ìyẹn wáyà tó ń wọn ooru inú yàrá. Bí ibẹ̀ kò bá tíì gbóná tó, mànàmáná á lọ sí àpótí tó ń ṣáná. Àpótí yìí á ṣí fáàfù gáàsì (ìdérí tó ń ṣí, tó sì ń ti ọ̀nà gáàsì), á sì máa ṣáná lẹ́ẹ̀kan náà: ta-ta-ta-ta. Gáàsì á gbiná. Ọ̀pá irin kan tó nà wọ inú iná náà á wá jẹ́rìí pé lóòótọ́, iná ti ràn. Bí ẹ̀rí náà bá dé láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ìṣáná á dákẹ́, fáàfù á wà ní ṣíṣí. Bí kò bá dé, fáàfù á tì, iná pupa á tàn tàbí kí aago dún, ẹ̀rọ náà kò sì ní í gbìyànjú mọ́ àfi tí èèyàn bá wá tún un tẹ̀. Nígbà tí ooru bá pé iye tí wọ́n fẹ́, fáàfù á tì. Bó bá rọlẹ̀ díẹ̀, gbogbo rẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

  

Nítorí pé ètò yìí ní ìtẹ̀léra, etí ni irinṣẹ́ àkọ́kọ́. Ibi tí ìtẹ̀léra náà bá ti já ni àìsàn wà. Bí kò bá dún rárá, bóyá mànàmáná kò dé ibẹ̀ ni, tàbí fíúsì jó, tàbí wáyà thermocouple já. Bó bá ń ṣáná tí kò ràn, ọ̀rọ̀ gáàsì ni: sílíńdà ti tán, régúlátọ̀ ti kú, fáàfù kò ṣí, tàbí ojú ihò bọ́nà ti dí. Ṣùgbọ́n bí iná bá ràn, tó jó dáadáa fún ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi lè ka ení dé àrún, tó wá kú fúnra rẹ̀, gáàsì wà, ìṣáná wà. Ààrò ni kò rí iná náà. Ìṣòro yìí ló wọ́pọ̀ jù, òun náà ni wọ́n sábà máa ń tìtorí rẹ̀ ra àpótí ìdarí tuntun lófò.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ọ̀pá inú iná yẹn sì ni ojú ààrò. Bó ṣe ń ríran yẹ fún àlàyé díẹ̀. Nínú iná tó ń jó, àwọn èérún tó gbé agbára mànàmáná wà níbẹ̀, ìyẹn ni iná fi lè jẹ́ kí mànàmáná bíńtín gba inú rẹ̀ kọjá. Àpótí ìṣáná máa ń ti mànàmáná tó ń lọ tó ń bọ̀ sí ọ̀pá náà. Bọ́nà tó wà ní òdìkejì fẹ̀ ju ọ̀pá lọ fíìfíì, nítorí náà ọ̀nà kan ni mànàmáná ti ń kọjá wọ̀ọ̀rọ̀wọ́, ọ̀nà kejì há fún un. Ohun tó wọlé ní àlọ àti àbọ̀ á jáde bí àlọ nìkan. Àpótí á mọ̀ pé iná nìkan ló lè ṣe bẹ́ẹ̀. Omi kò lè ṣe é, irin tó kan irin kò lè ṣe é. Ọgbọ́n tó jinlẹ̀ ni. Àmọ́ microamp mélòó kan péré ni gbogbo àmì náà, ìyẹn ìdá kan nínú mílíọ̀nù ampere lọ́nà bíi mélòó kan. Ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀, eruku lásán tó láti dí i lọ́wọ́.

Eruku ìyẹ̀fun ló sì kún ilé búrẹ́dì. Á bà lé ọ̀pá, á jó mọ́ ọn, á di ìpele funfun tín-ín-rín tí ojú lè má rí. Nígbà ọyẹ́, eruku ọ̀nà náà á tún kún un. Ìwòsàn rẹ̀ kò náni ní nǹkan kan: wọ́n á pa mànàmáná, wọ́n á ti gáàsì, wọ́n á yọ ọ̀pá náà, wọ́n á fi irun irin tó kúnná nù ún títí á fi dán, wọ́n á sì dá a padà síbi tó wà gẹ́lẹ́ kí ṣóńṣó rẹ̀ lè wà nínú iná. Sáńpépà líle kò dára, torí pé ojú ọgbẹ́ tó bá dá sára irin náà ni ìdọ̀tí tuntun á tètè rọ̀ mọ́. Kí wọ́n wo tánńganran tó yí i ká bákan náà. Bó bá ti sán, mànàmáná á máa gba ojú sísán náà sá lọ, ọ̀pá ọ̀hún gbọ́dọ̀ pààrọ̀.

Àròyé kan wà tí kì í tán nílé búrẹ́dì. Bí iná ìjọba (tí ọ̀pọ̀ ṣì ń pè ní NEPA) bá dé, ààrò ń ṣiṣẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bí wọ́n bá tan jẹnẹrétọ̀, á ràn, á kú, á ràn, á kú. Wọ́n á ní jẹnẹrétọ̀ kò lágbára tó, wọ́n á lọ yá èyí tó tóbi jù ú lọ, á tún ṣe bákan náà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ agbára lọ́pọ̀ ìgbà. Àmì iná yẹn gbọ́dọ̀ gba ara bọ́nà, kó gba irin ààrò, kó gba wáyà ilẹ̀, kó tó lè padà sínú àpótí. Lórí iná ìjọba, wáyà nútírà (èyí tí mànàmáná ń gbà padà) àti wáyà ilẹ̀ so pọ̀ níbì kan. Nínú ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ kéékèèké, nútírà kò so mọ́ ilẹ̀ tàbí ara jẹnẹrétọ̀ rárá. Ọ̀nà àbọ̀ ti já. Iná ń jó, ẹ̀rí kò délé. Oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́ ni kí wọ́n pè láti ri ọ̀pá ilẹ̀ dáadáa, kó sì so nútírà jẹnẹrétọ̀ mọ́ ọn bó ṣe tọ́. Àwọn àpótí kan wà tí wọn kò fẹ́ kí wáyà tó ń gbé iná wá àti nútírà ṣípò padà pẹ̀lú, nítorí náà kí wọ́n yẹ ìyẹn wò ní sọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ohun tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣe ni kó fi wáyà fo ojú yìí dá, kí fáàfù lè máa wà ní ṣíṣí nígbà gbogbo. Ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ iná pa nínú ààrò tí wọ́n ti fọ́ lójú, gáàsì á máa ṣàn sínú àpótí irin tó gbóná, títí nǹkan kan á fi ṣáná sí i. Ọmọ iṣẹ́ tó bá dúró níwájú ilẹ̀kùn lásìkò náà kò mọ ohun tí wọ́n ti ṣe sí wáyà.

Bọ́nà ni wọ́n máa ń tú tẹ̀ lé e. Aláǹtakùn lè ta owú rẹ̀ sínú ihò ẹnu bọ́nà. Agbọ́n náà a máa fi amọ̀ kọ́lé síbẹ̀, pàápàá bí ààrò bá ti wà láìṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Iná aláwọ̀ búlúù ni a ń fẹ́. Bó bá pọ́n, tó ń lọ́ bí ahọ́n, tó sì ń fi dúdú sí páànù lára, afẹ́fẹ́ kò tó o ni: propane àti butane ni wọ́n pò di gáàsì ìdáná, ìwọ̀n propane kan sì nílò afẹ́fẹ́ tó tó ìlọ́po 24 rẹ̀, ti butane sì tó nǹkan bí 31. Wọ́n á yọ irin kékeré tí ihò gáàsì wà lára rẹ̀ jáde, wọ́n á fi ẹyọ ìgbálẹ̀ tàbí afẹ́fẹ́ ti ìdọ̀tí inú ihò náà jáde láti ẹ̀yìn. Ìgbálẹ̀ dára ju abẹ́rẹ́ lọ níbí, torí idẹ tó rọ̀ ni wọ́n fi ṣe é, irin líle á fẹ ihò náà. Ihò mìlímítà 1 tó bá di 1.2, gáàsì tó ń gba ibẹ̀ á fi nǹkan bí ìdá 44 nínú 100 pọ̀ sí i. Ẹni tó bá fẹ ihò kí ààrò lè tètè gbóná, èéfín àti owó gáàsì ló fẹ̀.

Ti thermocouple kúrú, ṣùgbọ́n ó léwu. Irin oríṣi méjì ni wọ́n jó lórí pọ̀. Láti ọdún 1821 tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Thomas Seebeck, ti ṣàkíyèsí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ojúpọ̀ irin méjì bá gbóná ni ọgbọ́n yìí ti wà. Oríṣi K tó wọ́pọ̀ nínú ààrò máa ń mú nǹkan bíi microvolt 41 (microvolt kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù volt) wá fún 1°C kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá fi wáyà rẹ̀ méjèèjì sódì nígbà tí wọ́n ń dá a padà, bí ààrò ṣe ń gbóná ni nọ́ńbà á máa lọ sílẹ̀, ẹ̀rọ ìdarí á rò pé ó ń tutù, á sì máa dáná lọ láìdúró. Kí wọ́n má sì gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀: lára wáyà K tó bá ìlànà Amẹ́ríkà mu, pupa ni ẹ̀gbẹ́ òdì (−), nígbà tó jẹ́ pé níbòmíràn pupa lè jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ìbísí (+). Láítà ló ń yanjú rẹ̀. Wọ́n á fi ràn ṣóńṣó rẹ̀ díẹ̀. Bí nọ́ńbà bá gòkè, ó tọ́.

Ìdápadà ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ máa ń sáré ṣe, bẹ́ẹ̀ òun ni ìdajì iṣẹ́ náà. Kí wọ́n tó ti ààrò kúrò lára ògiri, wọ́n á ya fọ́tò gbogbo wáyà. Bí wọ́n bá ń ti í padà, kò gbọdọ̀ jókòó lé rọ́bà gáàsì, rọ́bà náà kò sì gbọdọ̀ gba ẹ̀yìn ibi tó gbóná. Régúlátọ̀ gbọ́dọ̀ bá ohun tí wọ́n kọ sára àwo irin tó wà lára ààrò mu: ọ̀pọ̀ ààrò jẹ́ ti gáàsì agbára kékeré, nǹkan bíi millibar 28 sí 30 (millibar ni wọ́n fi ń wọn agbára tí gáàsì fi ń tì), régúlátọ̀ onítẹ̀sí ńlá tí wọ́n fi ń dín àkàrà kò sì bá wọn mu. Lẹ́yìn náà ni ọṣẹ: wọ́n á ho ó nínú abọ́, wọ́n á fi kànìnkànìn pa á sí gbogbo ojú ìdè, wọ́n á sì wò ó bóyá ó ń wú. Iná ìṣáná kọ́ ni wọ́n fi ń wá ibi tí gáàsì ti ń jò.

Ilẹ̀ Abẹ́òkúta ní tirẹ̀ láti sọ. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, propane tó ìlọ́po kan àtààbọ̀, butane sún mọ́ ìlọ́po méjì. Ìsàlẹ̀ ló máa ń lọ bí omi. Ní àwọn àdúgbò tó yí Olúmọ ká, tí ilé kan wà lókè tí èkejì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, gáàsì tó bá jò lókè lè gba gọ́tà lọ bá ẹni tó ń dáná nísàlẹ̀, tí kò mọ nǹkan kan. Nítorí náà ìta ni àgò sílíńdà gbọ́dọ̀ wà, jìnnà sí gọ́tà àti sí ẹnu ilé aládùúgbò tó wà nísàlẹ̀, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí wọ́n sì gbé e nàró. Ilẹ̀ inú ilé náà kì í sábà dọ́gba. Àwo pẹlẹbẹ tí wọ́n bu omi sí, tí wọ́n gbé sínú yàrá ààrò, á fi hàn kíákíá ibi tí wọ́n á ti fi irin sí lábẹ́ ẹsẹ̀.

Páìpù èéfín ni wọ́n máa ń gbàgbé so padà. Ààrò á jó, búrẹ́dì á jiná, kò sẹ́ni tó máa fura. Ṣùgbọ́n carbon monoxide, gáàsì olóró inú èéfín, kò ní òórùn, ó sì máa ń di ẹ̀jẹ̀ mú ju bí ọ́síjìn ṣe ń dì í mú lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Àwọn òṣìṣẹ́ alẹ́ sì máa ń ti fèrèsé nítorí olè. Bí orí bá ń fọ́ ẹni méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, tí èébì ń gbé wọn, tí ara wọn sì ń balẹ̀ bí wọ́n bá jáde síta, ibà kọ́ nìyẹn. Kí wọ́n pa ààrò, kí gbogbo wọn jáde, kí wọ́n sì gba ilé ìwòsàn lọ.

Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ bá ti dé àyè, wọ́n á tàn án lófìfo, ilẹ̀kùn ní ṣíṣí. Ó lè kùnà lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, torí afẹ́fẹ́ ló ṣì wà nínú rọ́bà. Láàárín ìgbìyànjú kan sí èkejì, wọ́n á dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí gáàsì tó ti wọlé lè jáde. Bó bá ràn tó sì dúró, wọ́n á rọra ti sílíńdà pa láti wò ó bóyá fáàfù á tì nígbà tí iná bá kú. Bí ojú ààrò bá ń ríran, á tì, iná pupa á tàn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé páànù mẹ́rin sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ìdí búrẹ́dì igun kan bá dúdú ju ti àwọn yòókù lọ, bọ́nà ìsàlẹ̀ apá ibẹ̀ ni wọ́n á tún yẹ̀ wò kí wọ́n tó de irin ẹ̀yìn ààrò.