Àyà Tó Ń Já Lójijì Kì í Ṣe Ọfà Ayé

Bí ẹ bá ń wọ dánfó láti Yábàá lọ sí Ọbáléńdé, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí i rí. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ dá ọkọ̀ dúró lórí afárá Third Mainland, ọmọbìnrin kan ṣàdédé di àyà mú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, òógùn bò ó, ó ní òun ń kú lọ. Ojú ẹsẹ̀ ni ìyá kan máa ké "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!", tí ẹlòmíì á ní, "Wọ́n ti ta ọmọ yìí lọ́fà láti ilé o."

Kò sẹ́ni tó ta á lọ́fà. Ìjayà òjijì ni, àìsàn tí àwọn dókítà mọ̀ dunjú. Bí ewu bá dé, ọpọlọ a máa pàṣẹ kí adrenaline, èròjà tó ń mú ara gbára dì, tú sínú ẹ̀jẹ̀ kí ọkàn lè yára lù, kí ẹsẹ̀ lè ráyè sá. Nínú ìjayà òjijì, àṣẹ yẹn jáde láìsí ewu kankan. Àní ìka tó kú tipiri, tí wọ́n á ní wọ́n ti fi nǹkan dè é lọ́wọ́, mímí lemọ́lemọ́ ló fà á: carbon dioxide, afẹ́fẹ́ tí à ń mí síta, ti lọ sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Obìnrin kan wà ní Amẹ́ríkà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní S.M. Àìsàn kan tó ṣọ̀wọ́n ba amygdala rẹ̀ jẹ́ lọ́tùn-ún lósì, ìyẹn ẹ̀yà kékeré inú ọpọlọ tó ń ta wá lólobó bí ewu bá dé. Ejò ò bà á lẹ́rù, aláǹtakùn ò bà á lẹ́rù. Lọ́dún 2013, Justin Feinstein àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde: wọ́n ní kí S.M. àti obìnrin méjì mìíràn tó jẹ́ ìbejì, tí amygdala tiwọn náà ti bàjẹ́, fa afẹ́fẹ́ tí carbon dioxide inú rẹ̀ jẹ́ 35% símú. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló jáyà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rò ó wò. Èèyàn tí ejò ò bà lẹ́rù, èémí lásán ló kó jìnnìjìnnì bá a. Kò sí ọ̀tá níbẹ̀, kò sí àjẹ́, kò sí ará ilé tó ń bínú. Inú ara fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rù ikú ti lè wá. Ìdí nìyẹn tí inú fi ń bí mi sí àwọn tó ń sọ pé "àṣejù ni" náà. Ohun tó ń ṣe ọmọ náà kì í ṣe eré.

Ẹ dúró tì í, ẹ fohùn pẹ̀lẹ́ bá a sọ̀rọ̀, kó máa rọra mí síta. Àmọ́ bó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́, tàbí tí àyà dídùn náà ń ràn dé apá tàbí àgbọ̀n, ilé ìwòsàn ni kó lọ kíá, kí wọ́n yẹ ọkàn rẹ̀ wò.

Bó bá ń padà wá, ìtọ́jú wà: ti ọ̀rọ̀ sísọ pẹ̀lú ẹni tó kọ́ iṣẹ́ náà, àti ti oògùn. Oògùn náà máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó ṣiṣẹ́, torí náà kí ẹnikẹ́ni má jù ú nù lọ́jọ́ kẹrin. Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà, kó gbà á, kó sì lo oògùn rẹ̀. Láti ọdún 1907 ni wọ́n ti ń gba aláìsàn ọpọlọ ní ilé ìwòsàn tó wà ní Yábàá, síbẹ̀ "Yaba Left" ṣì ni èébú lẹ́nu wa. Ẹni tí àyà rẹ̀ ń já lè rí dókítà níbẹ̀ láàárọ̀, kó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.