Fọ́nẹ́ẹ̀sì ńlá kọ́ ló ń lé òtútù

Gbogbo ìgbà tí òtútù bá ti ń sún mọ́lé ní Chicago níbí ni mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ará wa nípa fọ́nẹ́ẹ̀sì, ẹ̀rọ onígáàsì tó ń mú ilé móoru: "Fọ́nẹ́ẹ̀sì wa ti gbó, a fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ bá wa wá èyí tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí òtútù má baà pa wá." Ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí, nítorí owó tí èèyàn fi òógùn kó jọ ló ń bá a lọ, ilé náà kì í sì í móoru bó ṣe yẹ.

Òtútù ibí kì í ṣe eré, kò sẹ́ni tó máa bá mi jiyàn ìyẹn. Fọ́nẹ́ẹ̀sì tó bá sì ti lo ogún ọdún ti sin olówó rẹ̀ tó. Ọ̀rọ̀ "tóbi" yẹn ni mi ò gbà.

Mo mọ ibi tó ti wá. Nílé, jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní "I better pass my neighbour" ti kọ́ gbogbo wa lọ́gbọ́n. Ẹ gbé fíríìjì lé e, á máa gbọ̀n. Ẹni tó bá rówó ra ńlá, ara tù ú. Àmọ́ fọ́nẹ́ẹ̀sì tó wọ́pọ̀ jù nínú ilé àtijọ́ kò mọ bí wọ́n ṣe ń rọra ṣe. Tí iná rẹ̀ bá ti ràn, gbogbo agbára rẹ̀ ló ń lò. Tí thermostat, ẹ̀rọ kékeré ara ògiri tó ń wọn ooru yàrá, bá ní ó tó, á kú pátápátá. Èyí tó bá tóbi jù á fẹ́ ooru sáyìíká thermostat fún ìṣẹ́jú díẹ̀, á kú, nígbà tí yàrá ìpẹ̀kun tí ọmọ ń sùn sí ò tíì rí nǹkan kan gbà. Kò pẹ́, á tún ràn. Àràntúnràn yìí ló ń tètè ba ohun tó ń ṣáná sí i àti irin tó ń gba ooru iná sára jẹ́. Ọ̀nà afẹ́fẹ́ onípáànù inú ògiri náà kò sì ní í fẹ̀ sí i nítorí pé a ra ẹ̀rọ tuntun.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló ti wọn eku? Ẹ bi àwọn tó ń wá ńlá bí wọ́n ṣe mọ̀ pé 120,000 BTU, ìyẹn ìwọ̀n ooru gáàsì tí ẹ̀rọ ń jó ní wákàtí kan, ló yẹ ilé wọn, wọ́n á ní ohun tí wọ́n kọ sára ti tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Ta ló wọn ìyẹn náà? Láti ìgbà yẹn, wọ́n ti pààrọ̀ fèrèsé, wọ́n ti tẹ́ òwú tí kì í jẹ́ kí ooru sá lọ sí àjà, ilé ti yàtọ̀.

Lóru ọjọ́ 30 oṣù January 2019, nígbà tí òtútù já sí -23°F ní pápá ọkọ̀ òfuurufú O'Hare, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn bésímẹ́ǹtì wa pẹ̀lú bùláńkẹ́ẹ̀tì, mò ń kọ ọ́ sẹ́yìn àpò ìwé owó gáàsì: 2:10 ó ràn, 2:16 ó kú, 2:22 ó ràn, 2:28 ó kú. Ìdajì wákàtí péré ló ń ṣiṣẹ́ nínú wákàtí kan. 120,000 ni ti wa nígbà náà, irú èyí tí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ooru gáàsì rẹ̀ ń wọlé, ìyókù ń bá èéfín lọ. Ìyẹn jẹ́ 96,000, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ 48,000: gbogbo ooru tí ilé wa nílò ní wákàtí kan lóru yẹn nìyẹn. Òtútù tó burú jù lọ nínú ìtàn Chicago, -27°F lọ́dún 1985, kò sì fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ti òru yẹn. Nígbà tí a máa pààrọ̀ rẹ̀, 60,000 la rà, èyí tí ìdá 96 ń wọlé nínú tirẹ̀: 57,600. Lóru tí òtútù bá le, kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ sinmi. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ohun tí àwọn èèyàn ń gbọ́ náà nìyẹn tí wọ́n fi ń ní ó kéré.

Mi ò sọ pé kékeré ló bá gbogbo ilé mu. Ilé tí kò lówú lájà, tí afẹ́fẹ́ ń gba gbogbo ihò rẹ̀ wọlé, lè nílò ńlá ní tòótọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo rò pé òwú ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ fowó rà. Àwọn fọ́nẹ́ẹ̀sì tó lè jó díẹ̀ tàbí púpọ̀ náà wà, wọ́n kàn wọ́n ni. Wákàtí tí mo fi ṣọ́ tiwa kò sì tó dípò ìṣirò Manual J, tí oníṣẹ́ fi ń wọn ògiri, fèrèsé àti àjà. Ẹ ní kó fún yín ní ìwé ìṣirò náà. Èyí tó bá kàn wo nọ́ńbà ara ẹ̀rọ àtijọ́ tó sì dárúkọ owó, ó ń méfò ni.

Lórí owó, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹ̀gbọ́n wa kan tọ́jú owó ẹ̀rọ, ó sì pé. Ihò èéfín kan náà ni fọ́nẹ́ẹ̀sì àtijọ́ rẹ̀ àti ẹ̀rọ amómigbóná jọ ń lò. Èéfín ti tuntun gba páìpù oníke jáde lára ògiri, ó ku amómigbóná nìkan nínú ihò gbàgàdà tí èéfín rẹ̀ ò lágbára láti gùn. Irú èéfín bẹ́ẹ̀ lè padà sínú ilé, carbon monoxide tí kò lóòórùn sì wà nínú rẹ̀. Ó di dandan kí wọ́n ki páìpù tó fún sínú ihò náà, owó rẹ̀ ò sì sí nínú ìwé tó fọwọ́ sí. Ó tún ti ka $600 tí ìjọba àpapọ̀ ń yọ nínú owó orí mọ́ ọn, èyí tó ti dópin fún ohunkóhun tí wọ́n bá gbé kalẹ̀ lẹ́yìn 31 December 2025.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé kankan, ẹ lọ sí bésímẹ́ǹtì yín, ẹ wo ibi tí páìpù èéfín amómigbóná gbà. Tó bá jẹ́ ihò kan náà pẹ̀lú fọ́nẹ́ẹ̀sì, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ kọ owó ihò náà sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀. Ẹ sì fi ẹ̀rọ tó ń ké tó bá gbọ́ carbon monoxide sítòsí yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn sí, lónìí.