Omi Inú Igi Ló Ń Da Àdéhùn Rú

Torí ilé-iṣẹ́ bébà Ìwòpin ni ìjọba ṣe gbin igi melina lọ rẹrẹ sínú igbó ọba Ọmọ, ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Igi dàgbà, ilé-iṣẹ́ ò ṣiṣẹ́ bí wọ́n ṣe lérò, àwọn onípákó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Mi ò bá wọn wí. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ dá ilé-iṣẹ́ pulp sílẹ̀, ìyẹn igi sísè tí wọ́n fi ń ṣe bébà, pé kó wo ọjọ́ orí igi kó tó bá agégi tó máa tà á fún un dúnàá-dúrà.

Melina ọdún 8 sí 10 ti tó sè. Tó bá fi lé ní ọdún 15, ó ti sanra tó fún pákó, onípákó á sì san ju yín lọ. Ẹ kọ ọdún tí ẹ máa gé e sínú ìwé àdéhùn. Melina tún máa ń rú láti kùkùté. Ta ló ni èéhù yẹn? Ìwé àdéhùn tó ń dáhùn ìbéèrè yìí ò pọ̀.

Tọ́ọ̀nù pulp kan ń jẹ igi tó kúbíìkì mítà 4 sí 5. Ilé-iṣẹ́ kékeré tó ń ṣe tọ́ọ̀nù 100 lóòjọ́ yóò gba igi bíi tírélà 13 lójoojúmọ́, ẹ̀ẹ̀rùn tòjò. Ẹ kó igi jọ kí ọ̀nà igbó tó di ẹrẹ̀.

Ẹnu géètì nìjà wà, nídìí ìwọ̀n. Bíi ìdajì ìwọ̀n igi tútù, omi ni. Ká ní agégi di tọ́ọ̀nù 30 sínú ọkọ̀, tí omi jẹ́ ìdajì rẹ̀: igi gidi ibẹ̀ kò ju 15 lọ. Tí ọkọ̀ bá bàjẹ́ lọ́nà, tí omi fi gbẹ títí ó fi ku ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ẹrù tó kù, ìwọ̀n á ka tọ́ọ̀nù 25. Ẹnikẹ́ni ò jí ẹ̀ka kan, síbẹ̀ owó tọ́ọ̀nù márùn-ún ti lọ, agégi á sì ní ẹ rẹ́ òun jẹ. Mo ti rí ẹni tó tìtorí èyí yí tírélà padà, tó kọrí sí ọ̀dọ̀ onípákó.

Ìwọ̀n igi gidi, láìka omi inú rẹ̀, ni kí ẹ máa san owó fún. Ẹ bu lẹ́búlẹ́bú ayùn lára igi mélòó kan nínú ọkọ̀, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ gbé e sínú ààrò oníná 105 lórí òṣùwọ̀n Celsius títí ìwọ̀n rẹ̀ ò fi ní dínkù mọ́; ohun tó dínkù yẹn ni omi. Kí agégi tàbí ọmọ rẹ̀ dúró tì í. Bí ẹ ò bá ní ààrò, ẹ fẹnu kò sí iye ọjọ́ láàárín gígé igi àti géètì.

Ẹ ya owó ọkọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára owó igi, torí owó epo dísù kì í dúró sójú kan. Igi igbó ọba tí kò bá sì ní àmì òòlù aṣọ́gbó ìjọba lára, ẹ má jẹ́ kó wọlé, bí igi tilẹ̀ ti tán lọ́gbà yín.