Ìfòòró orí ayélujára ni, kì í ṣe ìfìyàjẹni

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan ló túmọ̀ "cyberbullying", ìyẹn kí àwọn èèyàn máa da ẹnìkan láàmú lórí ayélujára, báyìí lórí rédíò: "ìfìyàjẹni orí ẹ̀rọ ayélujára." Díẹ̀ ló kù kí n pa rédíò náà. Ìyà kẹ̀? Ẹni tó bá ṣẹ̀ là ń fìyà jẹ. Olùkọ́ a fìyà jẹ ọmọ tó pẹ́ dé, adájọ́ a fìyà jẹ olè. Ọmọ ọdún 13 tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò jẹ́ kó gbádùn lórí WhatsApp, ta ló ṣẹ̀? Mo mọ̀ pé a tún máa ń ní wọ́n ń fìyà jẹ ọmọ ọ̀dọ̀, àmọ́ ẹgba àti ebi nìyẹn ń sọ.

Àwọn kan ní "ìyọlẹ́nu". Ẹ̀fọn náà ń yọ wá lẹ́nu.

"Ìhalẹ̀mọ́ni" ló fẹ́ẹ́ tẹ́ mi lọ́rùn, torí ó lófin lẹ́yìn. Abala 24 nínú òfin ìwà ọ̀daràn orí ayélujára tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2015 mẹ́nu ba ẹni tó fi ẹ̀rọ dẹ́rù ba ọmọnìkejì rẹ̀ títí ìyẹn fi ń bẹ̀rù ikú tàbí ìpalára. Ẹ̀wọ̀n ọdún 10 wà níbẹ̀. Ìhalẹ̀ nìyẹn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àwọn ọmọ wa ń ṣe.

Ọmọ àbúrò mi sùn lọ ní kíláàsì, ẹnu là sílẹ̀, itọ́ ń dà. Ẹnìkan yà á ní fọ́tò, ó sọ ọ́ di sítíkà, àwòrán kékeré tí wọ́n fi ń fèsì lórí WhatsApp. Láti ọjọ́ náà, ohunkóhun tó bá sọ nínú gúrúùpù kíláàsì, ì báà jẹ́ iṣẹ́ àṣetiléwá ló ń béèrè, sítíkà yẹn ni wọ́n á fi dá a lóhùn, mẹ́wàá, ogún. Kò sẹ́ni tó halẹ̀ mọ́ ọn. Kò sẹ́ni tó bú u. Ìfòòró ni. Kí fóònù tó dé la ti ń sọ pé "má fòòró ẹ̀mí mi". Ẹ má pè é ní yẹ̀yẹ́ náà: èèyàn lè dá yẹ̀yẹ́ padà.

Ẹ rántí ọmọ tó ń tọ̀ọ́lé láyé ọjọ́un. Wọ́n á gbé ẹní lé e lórí, àwọn ọmọdé á máa kọrin tẹ̀ lé e yí agboolé ká. Àmọ́ tí oòrùn bá mú, ẹní á gbẹ, ìyá àgbà kan á sì lé àwọn akọrin lọ. Sítíkà ni ẹní tí kì í gbẹ. Abẹ́ ìrọ̀rí ọmọ náà gan-an ni orin ń sùn.

A ò tètè mọ̀. Níbi ìsọmọlórúkọ kan ni mo ti rí ọmọ àbúrò mi tó ń sá fún fọ́tò, ọmọ tó máa ń ti gbogbo wa sẹ́yìn kó lè dúró níwájú. Nígbà tí ọmọ náà sọ̀rọ̀ tán, àbúrò mi ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, fóònù yẹn ni mo máa gbà." Mo ní kó má dán an wò. Ọmọ tó sọ̀rọ̀ tí a sì gba fóònù ẹ̀ kò ní sọ òmíràn mọ́.

Ẹ̀rí la kọ́kọ́ kó jọ. Ọmọ náà ya àwòrán ojú fóònù, nọ́ńbà àti aago hàn kedere, torí ẹni tó fi nǹkan ránṣẹ́ lórí WhatsApp ṣì lè pa á rẹ́ lójú gbogbo èèyàn fún ọjọ́ 2 àti wákàtí 12. Lẹ́yìn náà la lọ bá olùkọ́ tó ń bójú tó gúrúùpù. Ó ní òun rò pé eré ni. Ó pa èyí tó wà nínú gúrúùpù rẹ́, ṣùgbọ́n èyí tí àwọn ọmọ ti fi pamọ́ sínú fóònù wọn kò sí ní ìkáwọ́ rẹ̀. Torí náà, ilé òbí márùn-ún ni àbúrò mi fẹsẹ̀ rìn dé. Nílé kẹrin, ìyá ọmọ náà rí sítíkà ọ̀hún, ó bú sẹ́rìn-ín, kó tó rántí ẹni tó dúró síwájú òun.