Dídarúgbó Àwùjọ: Ohun tí Ọ̀rọ̀ náà Túmọ̀ sí àti Ohun tí Kò Túmọ̀ sí

Bí a bá ní ẹnì kan ń darúgbó, ọ̀rọ̀ náà yé gbogbo ènìyàn: ọdún ń gorí ọdún, ewú ń bo orí, oríkèé ara ò sì rọ̀ bíi ti àtijọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ nípa iye ènìyàn bá sọ pé àwùjọ kan ń darúgbó, nǹkan mìíràn ni wọ́n ní lọ́kàn. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ìpín àwọn àgbàlagbà láàárín gbogbo ènìyàn tó wà níbẹ̀ ń pọ̀ sí i, nígbà tí ìpín àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ ń dín kù. Ẹni tó bá ti darúgbó kò lè padà di ọmọdé, ṣùgbọ́n àwùjọ tó ti darúgbó lè padà kún fún ọ̀dọ́ bí ìbímọ bá tún pọ̀ níbẹ̀, tàbí bí àwọn ọ̀dọ́ láti ibòmíràn bá wá fi ibẹ̀ ṣe ilé. Púpọ̀ nínú àṣìṣe tí a máa ń gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí ló jẹ́ pé àwọn ènìyàn da ọ̀nà ìdarúgbó méjèèjì yìí pọ̀ mọ́ra wọn.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n sábà máa ń gbà mọ bí àwùjọ kan ti darúgbó tó. Wọ́n lè ka àwọn tó ti pé ọmọ ọdún 65 sókè, kí wọ́n sì wo iye tí wọ́n jẹ́ nínú ènìyàn 100. Wọ́n sì lè wá ọjọ́ orí àárín, èyí tí í ṣe pé bí a bá to gbogbo ènìyàn orílẹ̀-èdè kan sórí ìlà, láti orí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí títí dé orí ẹni tó dàgbà jù lọ, a ó béèrè ọjọ́ orí ẹni tó bọ́ sí àárín gbùngbùn. Ní Japan, ẹni náà ti sún mọ́ ọmọ 50 ọdún. Ní Niger, kò ju nǹkan bí ọmọ ọdún 15 lọ.

Kí ló ń mú àwùjọ darúgbó? Ìdáhùn tó máa ń kọ́kọ́ wá sí ẹnu ni pé ẹ̀mí àwọn ènìyàn ti ń gùn sí i. Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni òkodoro ọ̀rọ̀ náà. Ẹ jẹ́ kí á fi ẹbí kan ṣe àpẹẹrẹ. Bí àgbàlagbà 2 bá wà nínú ẹbí kan, pẹ̀lú òbí 4 àti ọmọ 6, gbogbo wọn jẹ́ 12, àwọn àgbàlagbà sì jẹ́ ìdá 1 nínú 6. Bí ó bá ṣe pé ọmọ 2 péré ni àwọn òbí náà bí, gbogbo wọn á jẹ́ 8, àwọn àgbàlagbà 2 kan náà yẹn á sì di ìdá 1 nínú 4. Kò sí ẹni tó fi ọjọ́ kan lé ọjọ́ ayé rẹ̀, síbẹ̀ ẹbí náà ti darúgbó. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ayé gan-an nìyẹn. Ní ọdún 1950, obìnrin kọ̀ọ̀kan ń bí nǹkan bí ọmọ 5 ní ìṣirò àpapọ̀. Lónìí, ó lé díẹ̀ ní 2. Ní Gúúsù Kòríà, kò tilẹ̀ pé ọmọ 1 mọ́: 0.72 ni ó jẹ́ ní ọdún 2023.

Ansley Coale, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, ti fi ìṣirò hàn láti àárín ọdún 1950 sí 1959 pé ìbímọ tó ń dín kù ló ń mú àwùjọ darúgbó jù lọ. Ó tún fi ohun kan hàn tó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu, ìyẹn ni pé nígbà tí ikú bá kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù ní ibì kan, àwùjọ náà a máa kún fún ọmọdé sí i ni, kì í darúgbó. Ìdí rẹ̀ ni pé abẹ́rẹ́ àjẹsára, omi tó mọ́ àti ìtọ́jú aboyún, àwọn ọmọ ọwọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbà lọ́wọ́ ikú. Ìgbà tí ó bá ti di pé ọmọ kì í sábà kú mọ́ ni ẹ̀mí tó ń gùn yóò tó máa fi kún iye àwọn arúgbó, bí ó ti rí ní àwọn orílẹ̀-èdè olówó lónìí. Ohun kẹta ni ìrìn-àjò: abúlé tí àwọn ọ̀dọ́ rẹ̀ ti kó lọ sí ìlú ńlá lè kún fún arúgbó láàárín ọdún díẹ̀, láìjẹ́ pé ìbímọ tàbí ikú yí padà rárá.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni bí ó ti ń yára. Kí ìpín àwọn tó ti pé ọdún 65 tó kúrò ní 7 nínú 100 dé 14 nínú 100, ó gba Faransé ní nǹkan bí ọdún 115. Ó gba Japan ní nǹkan bí ọdún 24, ó sì gba Gúúsù Kòríà ní ọdún 18 péré. Orílẹ̀-èdè tó ní ọgọ́rùn-ún ọdún láti múra sílẹ̀ lè fara balẹ̀ kọ́ ilé ìwòsàn, kí ó ṣètò owó ìfẹ̀yìntì, kí ó sì kọ́ àwọn dókítà nípa ìtọ́jú àgbàlagbà. Èyí tó ní ọdún 18 kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti wí, àwọn tó ti pé ọdún 60 sókè jẹ́ bílíọ̀nù 1 ní ọdún 2020, wọn yóò sì jẹ́ bílíọ̀nù 2.1 ní ọdún 2050. Nígbà náà, ìdá 4 nínú 5 wọn ni yóò máa gbé ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó tó ń wọlé fún wọn kò pọ̀ tàbí tó mọ níwọ̀n. Nítorí náà, ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè olówó nìkan ni èyí kò tíì wo ibi tí ayé ń lọ.

Àṣìṣe kan wà tí àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá máa ń ṣe. Wọ́n á ní láyé àtijọ́, ènìyàn kì í ju ọmọ 40 ọdún lọ kí ó tó kú, pé kò sí arúgbó nígbà náà. Iye ọdún tí a ń retí pé kí ọmọ tuntun lò láyé ni wọ́n ṣì túmọ̀. Ìṣirò àpapọ̀ ni iye yẹn. Bí a bá bí ọmọ 2, tí ọ̀kan kú lọ́jọ́ tí a bí i, tí èkejì sì gbé ayé títí di ọmọ 80 ọdún, ìṣirò àpapọ̀ wọn jẹ́ 40, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó kú lẹ́ni 40 ọdún. Ikú ọmọdé ló ń fa iye náà wálẹ̀. Ẹni tó bá la ìgbà èwe já nígbà náà ní ìrètí tó dára láti di àgbà, àwọn mìíràn a sì darúgbó kùjọ́kùjọ́. Nígbà tí a bá wá kà pé iye náà fún gbogbo ayé jẹ́ nǹkan bí 46 ní ọdún 1950, tí ó sì ti di nǹkan bí 73 ní ọdún 2023, kí á rántí pé apá tó pọ̀ nínú èrè náà, àwọn ọmọdé tí kò kú mọ́ ló mú un wá.

Ta wá ni arúgbó? Àwọn tó ń ṣe ìṣirò máa ń fi ọdún 65 ṣe ààlà, wọ́n á sì fi iye àwọn tó kọjá rẹ̀ wé iye àwọn tó wà láàárín ọdún 15 sí 64, kí wọ́n lè sọ iye àgbàlagbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbé lọ́rùn. Ibo ni ọdún 65 ti wá? Òfin owó ìfẹ̀yìntì ni àṣà náà rọ̀ mọ́. Nígbà tí Jámánì ṣe òfin tirẹ̀ ní ọdún 1889, lábẹ́ Bismarck, olórí ìjọba rẹ̀ nígbà náà, ọdún 70 ni wọ́n fi sí. Ọdún 1916 ni wọ́n tó sọ ọ́ di 65. Òfin ló fa ìlà yẹn, kò sí ohun kan nínú ara ènìyàn tó máa ń yí padà lọ́jọ́ tó bá pé ọmọ ọdún 65. Síbẹ̀ ìṣirò náà ń ka ẹni ọdún 66 tó ń ṣiṣẹ́ oko tàbí tó ń tọ́ ọmọ-ọmọ mẹ́ta mọ́ ẹrù, ó sì ń ka ẹni ọdún 30 tí kò ríṣẹ́ ṣe mọ́ àwọn tó ń gbé ẹrù. Warren Sanderson àti Sergei Scherbov, onímọ̀ méjì nípa iye ènìyàn, dá ọ̀nà mìíràn: dípò kí á máa ka ọdún tí ènìyàn ti lò, kí á ka èyí tó kù. Àwọn tó bá wà ní ọjọ́ orí tí a ti ń retí pé ó ku ọdún 15 tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò pè ní arúgbó. Bí ìlera bá ń dára, ààlà náà á máa sún síwájú, àwùjọ kò sì ní dà bí ẹni pé ó ń yára darúgbó tó bí àwọn ènìyàn ṣe ń bẹ̀rù. Ìwọ̀n yìí tẹ́ mi lọ́rùn ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ní ti ìdarúgbó ẹnì kọ̀ọ̀kan, àṣìṣe tó ń ṣe ìpalára jù ni ìgbàgbọ́ pé gbogbo ẹni tó bá dàgbà ni yóò ṣarán. Òótọ́ ni pé bí ọjọ́ orí ti ń ga, ọpọlọ kì í yára bíi ti tẹ́lẹ̀: orúkọ ènìyàn lè pẹ́ kí ó tó wá sí ẹnu, ẹ̀kọ́ tuntun sì lè gba àkókò díẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ ọ̀rọ̀ àti òye tí ènìyàn ti kó jọ kì í tètè lọ, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń fi kún tiwọn títí wọ́n fi kọjá ọdún 60. Dìmẹ́ńṣíà yàtọ̀ sí èyí pátápátá. Àrùn ni, ó ń mú iyè ra débi pé ẹni náà kò ní lè dá ìgbésí ayé rẹ̀ ṣe mọ́. Irú rẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù ni Alzheimer, orúkọ dókítà ará Jámánì tó kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ ní ọdún 1906, obìnrin tí ó sì fi ṣàlàyé rẹ̀ kú lẹ́ni ọdún 55 péré. Nǹkan bí mílíọ̀nù 57 ènìyàn ló ní dìmẹ́ńṣíà kárí ayé ní ọdún 2021, èyí pọ̀, ó sì bani nínú jẹ́, ṣùgbọ́n púpọ̀ jù lọ nínú àwọn arúgbó ayé ni kò ní in.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ọn ni pé bí àwọn ará ilé bá ti wí pé "àgbà ló ń ṣe é," ọ̀rọ̀ dókítà ti parí nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, ohun tó ń da iyè ènìyàn rú lè jẹ́ oògùn tí kò bá ara rẹ̀ mu, tàbí àìtó fítámì B12, tàbí kòkòrò àrùn inú ìtọ̀, tàbí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, gbogbo ìwọ̀nyí ló sì ní ìtọ́jú. Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ kan tó gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 2024 sọ pé bí a bá lè mú ohun 14 kúrò lọ́nà, lára wọn ni ẹ̀jẹ̀ ríru, sìgá, etí tí kò gbọ́ràn dáadáa, àìlọ́rẹ̀ẹ́ àti àìkàwé tó, ó ṣeé ṣe kí á dènà nǹkan bí 45 nínú 100 dìmẹ́ńṣíà, tàbí kí á dá a dúró fún ìgbà díẹ̀.

Wọ́n tún máa ń wí pé ara arúgbó kò gba eré ìdárayá mọ́, pé kí wọ́n jẹ́ kí ó jókòó sinmi. Ní ọdún 1990, dókítà Maria Fiatarone àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Boston kó ènìyàn 10 jọ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ọjọ́ orí wọn sì wà láàárín ọdún 86 sí 96. Wọ́n jẹ́ kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ gbé ohun wíwúwo fún ọ̀sẹ̀ 8. Ẹni 9 ló parí rẹ̀, agbára iṣan ẹsẹ̀ wọn sì lọ sókè ju ìlọ́po méjì lọ. Àwọn ènìyàn tí ẹsẹ̀ wọn ti ń gbọ̀n ni wọ́n o. Nígbà tí ó sì jẹ́ pé ìṣubú ló ń kó ọ̀pọ̀ àgbàlagbà dé orí ibùsùn tí wọn kì í dìde mọ́, iṣan ẹsẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Bákan náà ni oorun: arúgbó ṣì nílò tó wákàtí 7 sí 8 lóru; bí kò bá rí i sùn, kí wọ́n wá ìdí rẹ̀. Ìbànújẹ́ tí kò lọ, àrùn ni òun náà, kì í ṣe ara ọjọ́ ogbó.

Ní ọdún 1969, Robert Butler, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, dá orúkọ sílẹ̀ fún fífojú tín-ín-rín ènìyàn nítorí ọjọ́ orí rẹ̀. "Ageism" ni ó pè é. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ní ọdún 2002, Becca Levy àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde ìwádìí kan jáde lórí ènìyàn 660 ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ti pé ọdún 50 sókè nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rò nípa bí wọ́n ti ń darúgbó. Àwọn tó fi ojú rere wo ọjọ́ ogbó tiwọn pẹ́ láyé ju àwọn yòókù lọ ní ọdún 7.5, lẹ́yìn tí wọ́n ti ro ọ̀rọ̀ ìlera àti owó mọ́ ọn. Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ kò lè fi dá wa lójú pé èrò yẹn nìkan ló mú ẹ̀mí wọn gùn, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà tóbi ju ohun tí a lè gbójú fò lọ.

Ibi tí fífojú tín-ín-rín àgbàlagbà yìí ti hàn jù ni ilé ìwòsàn. Ó pẹ́ tí àwọn tó ń dán oògùn tuntun wò ti máa ń yọ àwọn tó bá ti kọjá ọjọ́ orí kan sẹ́yìn, nítorí pé àìsàn wọn pọ̀ ju ẹyọ kan lọ, oògùn tí wọ́n ń lò náà sì pọ̀. Nígbà tí oògùn náà bá jáde tán, àwọn kan náà tí wọ́n yọ sẹ́yìn yìí ni wọn yóò lò ó jù, dókítà tó kọ ọ́ fún wọn yóò sì máa fojú dá ìwọ̀n tí yóò tó ara wọn.