Olè ti kọjá géètì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni kí ẹ máa ṣọ́

"Ẹnjiníà, a ti fọ́máàtì ẹ̀ o."

Gbólóhùn yìí ni wọ́n fi ń jí mi láàárọ̀, ohùn ẹni tó ń sọ ọ́ a sì máa dún bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ejò. Kọ̀ǹpútà kan ní ọ́fíìsì wọn ń ṣe ségesège, ọmọ tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà wọn nu gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, ó tún Windows fi sí i, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo máa ń bi wọ́n: kí ẹ tó nù ún, ta ni kọ̀ǹpútà yẹn ti ń bá sọ̀rọ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn? Kẹ́kẹ́ á pa. Nígbà tó bá yá, wọ́n á ní, "Ṣùgbọ́n a ní firewall o, Ẹnjiníà," ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà láàárín ọ́fíìsì wọn àti íntánẹ́ẹ̀tì.

Olè ti wọ ilé, ó ti kọjá yàrá àkọ́kọ́, ó ti dé yàrá karùn-ún. Ẹ̀yin wá bu omi ọṣẹ, ẹ ń fọ ilẹ̀ yàrá àkọ́kọ́ títí ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ fi parẹ́. Kí ni ẹ wá fẹ́ kí n tọ̀?

Ọdẹ ni mí. Threat hunting ni orúkọ iṣẹ́ náà lórí káàdì mi. N kì í dúró kí agogo dún kí n tó jáde. Inú àkọsílẹ̀ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni mo máa ń wọ̀ lọ, láti wá ẹni tí ẹnikẹ́ni kò tíì fura sí. Oníbàárà kan fi owó ránṣẹ́ sí mi nígbà kan, ó kọ ọ́ síbẹ̀ láìfi àmì ohùn kankan sí i pé "Owo ode wa." Títí dòní n kò mọ̀ bóyá ọdẹ ló pè mí ni àbí ọ̀dẹ̀, ṣùgbọ́n owó náà pé.

Ẹni tó bá fẹ́ jà yín lólè kì í bọ́ síbi tí owó wà tààrà. Ibi tó bá rọ̀ ló ń gbà wọlé: kọ̀ǹpútà akọ̀wé tó tẹ líǹkì inú ímeèlì, tàbí ẹ̀rọ tí kò sẹ́ni tó rántí pé ó ṣì wà ní títàn. Ibẹ̀ ni yóò ti máa rìn láti ẹ̀rọ kan bọ́ sí èkejì títí yóò fi dé domain controller, kọ̀ǹpútà tó ń pa orúkọ àti páswọ́ọ̀dù gbogbo òṣìṣẹ́ mọ́, níbi tí kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilé wà. Lateral movement ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń pe ìrìn yìí. Èmi ń pè é ní yàrá-dé-yàrá, mo sì rò pé tèmi dára ju tiwọn lọ.

Firewall tí ẹ fi ń yangàn, géètì ló dúró sí. Kọ̀ǹpútà méjì tó wà lórí switch kan náà, àpótí tí wáyà àwọn kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ti ń pàdé, kì í gba géètì kọjá kí wọ́n tó bára wọn sọ̀rọ̀. Mẹ́gádì yín kò lè rí ẹni tó ń ti pálọ̀ bọ́ sí ilé ìdáná. Bí ẹ bá fẹ́ rí i, ẹ gbọ́dọ̀ fi ojú kan sí ọ̀dẹ̀dẹ̀: ẹ ní kí switch máa ṣe ẹ̀dà ohun tó ń gbà á kọjá, kí ó máa dà á sí ẹ̀rọ kan tí Zeek, ètò tó ń kọ ẹni tó bá ẹni sọ̀rọ̀ sílẹ̀, wà lórí rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni Zeek. Mo ní ọ̀fẹ́ ni, nítorí mo mọ iye tí wọ́n tà yín ní àpótí tó ń tan iná búlúù yẹn.

Ẹ wá gbọ́ èyí tí mo máa ń wí títí ẹnu fi ń ro mí. Kọ̀ǹpútà òṣìṣẹ́ kò ní nǹkan í bá kọ̀ǹpútà òṣìṣẹ́ ṣe. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti bá sáfà, kọ̀ǹpútà tí gbogbo ọ́fíìsì jọ ń lò, sọ̀rọ̀, láti bá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sọ̀rọ̀, láti jáde sí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wò ó bíi hòtẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó wà ní yàrá 12 lè pe ilé ìdáná, ó lè pe àwọn tó wà ní iwájú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i tó ń kan ilẹ̀kùn 13, 14, 15, 16 lẹ́sẹẹsẹ ní aago méjì òru, ṣé ẹ máa ní ó ń wá iyọ̀ ni? Lórí Windows, pọ́ọ̀tù 445 ni ilẹ̀kùn tí wọ́n ń kàn jù, èyí tí wọ́n fi ń pín fáìlì. 3389 ni ti ẹni tó fẹ́ jókòó sídìí ẹ̀rọ ẹlòmíràn láti òkèèrè. 5985 àti 135 ni ti ẹni tó kàn fẹ́ pàṣẹ fún un. Bí ẹ̀rọ akọ̀wé bá ń lọ sí 445 lára ẹ̀rọ akápò, ti awakọ̀, ti ẹni tó ń gba àlejò, olè ti wà nínú ilé títí ẹ ó fi fi hàn mí pé òun kọ́. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn tó bá kàn ni kò ní dá a lóhùn. Zeek á kọ S0 síwájú èyí tó kàn tí kò gbọ́ nǹkan, á kọ REJ síwájú èyí tí wọ́n tì mọ́ ọn lójú. Bí S0 bá tò bí èèrà láti ara ẹ̀rọ kan ṣoṣo nínú ilé, ẹ má lọ sùn.

Àwọn kan á ní kí n sọ iye tó pọ̀ jù fún àwọn. Kò sí iye. Ìyípadà ni mò ń wò. Ẹ̀rọ tó ti ń bá ẹ̀rọ mẹ́rin péré sọ̀rọ̀ láti oṣù mẹ́fà, tó wá bá ogójì sọ̀rọ̀ lónìí, ohun kan ti bọ́ sí i lára. Ẹ óò rí i pé ẹni tí kò mọ bí ilé rẹ̀ ṣe ń rí lójoojúmọ́ kò lè mọ̀ pé àlejò wọlé.

Bí ilẹ̀kùn kan bá ṣí, olè á gbé fáìlì kékeré kan sínú ADMIN$, àpò tí Windows ṣí fún alákòóso nìkan, lára ẹ̀rọ kejì, á sì gba svcctl, ọ̀nà ìpàṣẹ láti òkèèrè, sọ ọ́ di service, ìyẹn ètò tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀. Nínú àkọsílẹ̀ Windows ẹ̀rọ tó gbà á lálejò, ẹ óò bá 4624 irú kẹta, pé ẹnìkan gba nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wọlé, 7045, pé wọ́n fi service tuntun sí i, á sì tẹ̀ lé e. Bí PsExec, ohun èlò tí àwọn alákòóso fi ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ láti òkèèrè, ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, Microsoft fúnra wọn ló sì ni PsExec. Ìdí nìyẹn tí antivirus yín kì í fi í pariwo: ọ̀bẹ inú ilé yín náà ni olè mú, kọ́kọ́rọ́ yín náà ló sì fi ń ṣílẹ̀kùn. Bí SMB, èdè tí wọ́n fi ń pín fáìlì ní 445, bá ti sọ ọ̀rọ̀ di àdììtú, ẹ kò ní rí ohun tó gbé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ẹni pàdé àti aago tí wọ́n pàdé kò ní ibi ìsápamọ́ sí.

Ẹ má torí èyí bẹ̀rẹ̀ sí í na gbogbo ará ilé. Sáfà tó ń kó ẹ̀dà iṣẹ́ pamọ́, sáfà antivirus, ẹ̀rọ tó ń wá ihò ààbò kiri, iṣẹ́ wọn ni láti kan gbogbo ilẹ̀kùn. Ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀ kí ẹ tó ṣọdẹ lọ. Ṣùgbọ́n bí orúkọ tí sáfà ìpamọ́ ń lò bá wọlé láti ara kọ̀ǹpútà kàṣíà, ẹran yín ti jáde nìyẹn.

Ẹni tó bá rò pé àsọdùn ni mò ń sọ, kí ó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù kẹfà ọdún 2017. Maersk, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ńlá ti Dẹ́nmárkì, ní ọ́fíìsì kan ní Odessa ní Ukréìn. Ọ̀gá kan níbẹ̀ tó ń bójú tó owó ní kí wọ́n fi M.E.Doc, ètò ìṣirò owó orí tí wọ́n ń lò níbẹ̀, sórí kọ̀ǹpútà kan. Kọ̀ǹpútà kan péré! Àwọn kan ti ba ètò náà jẹ́ láti ilé àwọn tó ṣe é, ohun tí wọ́n sì gbà bẹ́ẹ̀ rán jáde ni NotPetya, kòkòrò kọ̀ǹpútà tó ń ba ohun inú ẹ̀rọ jẹ́. Ní ọdún 2018, ìjọba Amẹ́ríkà àti ti Gẹ̀ẹ́sì kéde pé àwọn ológun Rọ́ṣíà ló wà nídìí rẹ̀. Yàrá-dé-yàrá gan-an ló rìn. Ó ń ṣa páswọ́ọ̀dù nínú ìrántí ẹ̀rọ kan, á fi PsExec àti WMIC, ohun èlò ìpàṣẹ inú Windows, wọ èyí tó kàn. Níbi tí kò bá ti rí páswọ́ọ̀dù, á gba ihò EternalBlue ní pọ́ọ̀tù 445, ihò tí Microsoft ti fi àtúnṣe rẹ̀ síta láti oṣù kẹta. Ẹ̀rọ tí wọ́n sì ti tún ṣe náà bá a lọ, nítorí páswọ́ọ̀dù tó jí lára aládùúgbò rẹ̀ ṣí i.

Maersk ní bíi 150 domain controller káàkiri ayé, gbogbo wọn ń da nǹkan kan náà síra wọn nínú, kí èyí tó bá kú lè rí ti ẹnì kejì gbára lé. Gbogbo wọn ló kú pọ̀, àfi ẹyọ kan ní Ghánà. Kí ló yọ ọ́? Wọ́n ti mú iná lọ! Iná ti lọ ní ọ́fíìsì náà kí NotPetya tó dé, ẹ̀rọ náà sì wà ní pípa. Íntánẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ kò lágbára tó láti fi ohun inú rẹ̀ ránṣẹ́ lásìkò, kò sì sí ẹnìkan nínú àwọn òṣìṣẹ́ Ghánà tó ní físà Gẹ̀ẹ́sì. Ni ọ̀kan nínú wọn bá wọ bàálù wá sí Nàìjíríà níbí, ó gbé hard drive náà lé òṣìṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ ní pápákọ̀ òfuurufú, ìyẹn sì gbé e lọ sí Heathrow. Ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n fi tún 4,000 sáfà àti 45,000 kọ̀ǹpútà tò, àdánù náà sì wọ 250 sí 300 mílíọ̀nù dọ́là. Ẹ má wá lọ máa sọ kiri pé mo ní kí ẹ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń mú iná lọ.

Ọdún tó kọjá, ilé-iṣẹ́ kan nílùú Èkó pè mí. Wọ́n ti fọ́máàtì ẹ̀, wọ́n sì ti pe wòlíì. Wòlíì ní àwọn ará ilé bàbá ọ̀gá ló rán an sí i, ó fi òróró yí sáfà wọn ká, ó fi ìgò tó kù sílẹ̀ fún ọ̀gá. Èmi náà ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n òróró kì í yí páswọ́ọ̀dù padà. Ṣáájú wòlíì, ọmọ kan ti ta àpótí fún wọn tó ní yóò máa fi AI mú hacker fúnra rẹ̀. Géètì ló gbé òun náà sí.

Wọn kò ní ojú kankan nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, nítorí náà ara àwọn ẹ̀rọ tí olè kàn ni mo ti tọ̀ ọ́. Olè ló mọ ẹsẹ̀ olè é tọ̀ lórí àpáta, ọdẹ tó bá pẹ́ nínú igbó náà á mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ 31 ló ní àkọsílẹ̀ pé ẹ̀rọ akọ̀wé kan wá kan ilẹ̀kùn àwọn láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin, ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú 17 lóru. Ọ̀gá ní bóyá akọ̀wé náà ń ṣe iṣẹ́ àṣekún ni. Mo ní kí wọ́n pè é wá. Ilé ìgbẹ̀bí ni wọ́n bá a, ó bímọ lọ́jọ́ méjì ṣáájú. Márùn-ún nínú ẹ̀rọ 31 náà ló ṣílẹ̀kùn, nítorí ẹni tó tò wọ́n lọ́jọ́ kìíní fi páswọ́ọ̀dù alákòóso kan náà sí gbogbo wọn, kí òun má baà gbàgbé. LAPS, ètò Microsoft kan, wà lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọdún 2015, tó ń fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní páswọ́ọ̀dù tirẹ̀, tó sì ń pa á dà. Láti ọdún 2023 ó ti wà nínú Windows fúnra rẹ̀. Firewall inú Windows pàápàá lè ti 445 mọ́ gbogbo òṣìṣẹ́ lójú ní ọ̀sán kan. A ṣe méjèèjì.

Ẹ̀rọ karùn-ún wà lórí tábìlì ọ̀gá fúnra rẹ̀, ìgò òróró náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo tọ olè náà láti ibẹ̀ padà sẹ́yìn, yàrá kan tẹ̀ lé èkejì, títí mo fi dé ẹ̀rọ akọ̀wé. Bó ṣe dé ibẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́ nìkan ni n kò lè sọ fún wọn. Wọ́n ti fọ́máàtì ẹ̀.