Ẹ̀bùn Ló Ṣáájú Òfin

Kí Harvard àti Yale tó máa kojú ara wọn lórí pápá bọ́ọ̀lù, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n kọ́kọ́ fi figa gbága, ní adágún Winnipesaukee ní New Hampshire, lọ́dún 1852. Òun ni ìdíje àkọ́kọ́ láàárín yunifásítì méjì l'Amẹ́ríkà. Iléeṣẹ́ rélùwéè kan tó ń wá èrò sínú ọkọ̀ rẹ̀ ló gbé ìnáwó rẹ̀ rù. Harvard borí, wọ́n sì fi àjẹ̀ tí wọ́n fi fàdákà ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ ta wọ́n lọ́rẹ. Ta ni yóò ní kí wọ́n má gbà á?

Nígbà tí ẹgbẹ́ tó ń ṣòfin eré ìdárayá yunifásítì yóò fi dé, ikú ló bí i, kì í ṣe owó. Lọ́dún 1905, àwọn ọmọ ń kú nídìí bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, bọ́ọ̀lù alágbára wọn yẹn, Ààrẹ Theodore Roosevelt sì ránṣẹ́ pe àwọn yunifásítì ńlá sí White House. Ẹgbẹ́ tó tìdí ẹ̀ yọ ló di NCAA lọ́dún 1910. Wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ gbowó eré. Owó wá gba abẹ́lẹ̀. Ní 1948 wọ́n ṣe òfin líle kan lórí owó náà; ní 1950 wọ́n fẹ́ fi lé yunifásítì méje jáde, ìbò ò pé, nígbà tó di 1951 wọ́n gbé òfin náà jù nù.

Èyí tó ya èèyàn lẹ́nu jù ni ti yunifásítì SMU (Southern Methodist University) ní Dallas, Texas. Àwọn olówó tó ń ti ẹgbẹ́ lẹ́yìn, tí wọ́n ń pè ní booster, ń fún agbábọ́ọ̀lù 13 lówó oṣooṣù: ẹlòmíì $50, ẹlòmíì $725. Gbogbo rẹ̀ lé ní $60,000. Ìyà ẹ̀ṣẹ̀ àtijọ́ ṣì wà lọ́rùn wọn lásìkò yẹn o! Wọ́n kàn ní àwọn ti ṣèlérí fáwọn ọmọ náà, kò dáa káwọn yẹ̀ ẹ́. Bill Clements, tó ti ṣe alága ìgbìmọ̀ yunifásítì náà kó tó tún di gómìnà Texas, jẹ́wọ́ lọ́dún 1987 pé òun mọ̀ sí i. Lọ́dún yẹn kan náà, NCAA fagi lé gbogbo ìdíje bọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ náà fún ọdún náà. Ìdájọ́ ikú ni wọ́n ń pè é títí dòní.

Ní 2021, adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ilé ẹjọ́ tó ga jù fẹnu kò lòdì sí NCAA nínú ẹjọ́ lórí ohun tí eléré lè gbà. Oṣù Keje ọdún náà, ó di pé eléré lè forúkọ àti àwòrán ara rẹ̀ pawó. Kíá, àwọn booster ti ń dáwó jọ ní gbangba. Láti 2025, yunifásítì gan-an ló ń sanwó fún àwọn eléré, kò sì gbọdọ̀ ju $20.5 mílíọ̀nù lọ fún yunifásítì kan lọ́dún àkọ́kọ́.